Ilẹ̀ wa ń ṣá: ìbéèrè tí àwọn àgbẹ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ ń bi mí, àti èsì tí mo ń fún wọn

Ojú ọ̀nà Ìkòyí-Ilé ni oko mi wà. Éékà mẹ́rin ni, bàbá mi ló fi í sílẹ̀ fún mi. Nígbà tí mo gbà á, ilẹ̀ náà ti ṣá débi pé àgbàdo tí mo gbìn lọ́dún àkọ́kọ́ kò ga ju orúnkún lọ tí ewé rẹ̀ fi ń pọ́n. Lónìí, àwọn tó mọ ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀ máa ń dá mi dúró lọ́jà Jagun pé oògùn wo ni mo fi sí i. Kò sí oògùn kankan níbẹ̀, ìdáko tí kì í pa ilẹ̀ ni. Àwọn ìbéèrè tí wọ́n sábà máa ń bi mí nìwọ̀nyí, mo sì kọ èsì wọn bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ lẹ́nu.

Kí ni ìdáko tí kì í pa ilẹ̀ tí ẹ máa ń sọ yìí?

Kéèyàn dáko lọ́dún yìí lọ́nà tí ilẹ̀ ọ̀hún ò fi ní kọ̀ fún ọmọ rẹ̀ ní 20 ọdún sí i. Ohun méjì ni mo dì mú: mi ò fi ilẹ̀ sílẹ̀ ní ìhòòhò, ohun tí mo bá sì kó kúrò nínú ilẹ̀, mo máa ń wá ọ̀nà dá díẹ̀ padà sí i. Inú méjèèjì yìí ni gbogbo ohun tẹ́ ẹ máa kà nísàlẹ̀ ti jáde.

Ẹ má pè é ní ẹ̀kọ́ òyìnbó. Àwọn bàbá wa á dáko síbì kan fún ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, wọ́n á ṣí kúrò, wọ́n á jẹ́ kí igbó padà hù fún bí ọdún mẹ́wàá. Ilẹ̀ pọ̀ ju èèyàn lọ nígbà náà. Ní báyìí, ilé ti gba oko etílé, ta ló kù tó nílẹ̀ tó lè fi sílẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá? Ìsinmi tí ilẹ̀ ń rí nígbà yẹn la gbọ́dọ̀ máa fún un báyìí, bá a ṣe ń dáko lórí rẹ̀ lọ.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ilẹ̀ mi ti ṣá?

Ẹ wo koríko tó ń hù níbẹ̀. Bí èkan bá ti gbalẹ̀ kan, ilẹ̀ ọ̀hún ti ń ké. Ẹ wá imí ekòló nídìí ebè láàárín òjò. Bẹ́ ẹ bá wá a tì, nǹkan ti ń bàjẹ́. Bí òjò bá rọ̀, ṣé omi ń wọlẹ̀ ni, àbí ó ń ṣàn lọ ní pípọ́n?

Ọ̀nà kan wà tí mo fẹ́ràn jù. Ẹ mú ògúlùtu gbígbẹ kan láti inú oko, kó tó kóró àgbálùmọ̀ méjì. Ẹ mú òmíràn lábẹ́ igi tí ẹnikẹ́ni kì í kọ ebè sí. Ẹ bu omi sínú ife onídígí méjì, kẹ́ ẹ rọra gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ife tirẹ̀. Tèmi lọ́dún àkọ́kọ́ tú ká kí n tó kà dé 20, ó di ẹrẹ̀ nísàlẹ̀ ife. Èyí tí mo mú lábẹ́ igi irú, lẹ́yìn ààbọ̀ wákàtí, ó ṣì wà bí mo ṣe gbé e sí, omi rẹ̀ sì mọ́. Ewé tó ti jẹrà, gbòǹgbò tín-ín-rín àti àwọn ẹ̀dá kéékèèké inú ilẹ̀ ló ń so yẹ̀pẹ̀ pọ̀ bí àtè. Ilẹ̀ tí kò ní àtè yìí mọ́, ẹ̀kán òjò kan ló máa tú u ká.

Ibi tí igbó àti ọ̀dàn ti pàdé ni Ògbómọ̀ṣọ́ wà. Yanrìn ló pọ̀ lójú ilẹ̀ wa, kò sì jinlẹ̀: ní ọ̀pọ̀ ibi, ẹ ò ní gbẹ́ ẹ jìnnà kí ọkọ́ tó kan òkúta wẹ́wẹ́. Ilẹ̀dú tín-ín-rín tó wà lókè yẹn ni gbogbo ọrọ̀ wa.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ àyẹ̀wò tó jinlẹ̀ ju èyí lọ, LAUTECH, yunifásítì tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1990, wà nílùú wa, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ sì wà níbẹ̀. Ẹ bu yẹ̀pẹ̀ níbi mẹ́wàá yíká oko, kó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 15, kẹ́ ẹ pò ó pọ̀ nínú báàfù tó mọ́, kẹ́ ẹ bu díẹ̀ lọ. Ẹ má lo báàfù tẹ́ ẹ fi wọ́n fatiláísà rí, ó máa da àyẹ̀wò náà rú.

Àwọn bàbá wa ń sun oko, wọ́n sì jẹun yó. Kí ló wá burú nínú iná?

Iná ń mú iṣẹ́ yá, mi ò jiyàn. Ẹni tó bá fi àdá nìkan ṣán éékà méjì mọ ìdí tí ọwọ́ fi ń yún èèyàn sí ìṣáná.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tí iná ń gbé lọ. Bí ewé àti koríko bá jó, náítírójìn inú wọn, ìyẹn ohun tó ń mú kí ewé àgbàdo dú mìnìjọ̀, bá èéfín lọ sókè. Eérú tó kù ní pọ́tásíọ̀mù àti kálísíọ̀mù, oúnjẹ irúgbìn ni àwọn náà, ìdí nìyẹn tí irúgbìn fi máa ń yọ dáadáa lọ́dún tí wọ́n sun oko, tí èèyàn á sì rò pé iná ló ṣe é lóore. Òjò àkọ́rọ̀ tiwa kì í sì í rọ jẹ́jẹ́. Ìjì á kọ́kọ́ jà, eruku á sọ, òjò á wá já lulẹ̀ lórí ilẹ̀ tí kò ní aṣọ lára. Láàárín ààbọ̀ wákàtí, eérú àti ilẹ̀dú á ti jọ gba inú poro lọ sódò.

Àwọn bàbá wa sun oko, wọ́n sì fún ilẹ̀ ní ọdún mẹ́wàá láti fi wo ara rẹ̀ sàn. Àwa ń sun ún lọ́dọọdún.

Ẹ tún rántí pé iná kì í mọ ààlà nígbà ọyẹ́. Mo ti bá ìyá àgbà kan níbi tó dúró sí nínú oko kajú rẹ̀ tí iná oko ẹlòmíì jó. Kajú náà ti tó so dáadáa. Màmá ò sọ̀rọ̀, wọ́n kàn ń fi ẹsẹ̀ rọra gbá eérú. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti lè wo iná oko lójú.

Bí mi ò bá sun ún, kí ni mo máa fi gbogbo koríko yẹn ṣe?

Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá ti gbin iṣu nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ló mọ̀ pé a máa ń dé ebè: a ó kó koríko gbígbẹ lé e lórí, a ó fi yẹ̀pẹ̀ tẹ̀ ẹ́, kí oòrùn má baà se iṣu mọ́lẹ̀. Ohun tí mo kàn ṣe ni pé mo mú ìmọ̀ yẹn kúrò lórí iṣu nìkan, mo mú un lọ sórí ata, tòmátì àti àgbàdo. Bí oòrùn bá wà lókè tente lóṣù Kejì, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ kan ilẹ̀ tó wà lásán, ẹ máa yára gbé e kúrò. Ẹ wá ṣí koríko tẹ́ ẹ tẹ́ kẹ́ ẹ fọwọ́ kan abẹ́ rẹ̀. Ó máa tutù, ó sì máa lọ́rinrin díẹ̀. Ibẹ̀ ni ekòló ń sá sí.

Kó nípọn tó ìka mẹ́rin. Ikán máa ń wá bá koríko gbígbẹ, nítorí náà, ẹ má jẹ́ kó kan ìdí irúgbìn, ẹ fi àyè tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan sílẹ̀. Ejò náà lè sá pamọ́ síbẹ̀, ẹ wọ bàtà tó bo kókósẹ̀.

Bí ilẹ̀ yín bá dà gẹ̀rẹ́, ẹ má kọ poro láti òkè wá sísàlẹ̀ mọ́. Ẹ kọ ọ́ ní ìbú, kí poro kọ̀ọ̀kan máa dá omi dúró. Àwọn tó ń wa katakátá ò fẹ́ràn rẹ̀, torí títì òkè bọ̀ sísàlẹ̀ ló rọ̀ wọ́n lọ́rùn, àmọ́ ẹ̀yin lẹ ni owó tẹ́ ẹ fẹ́ san. Ẹ dúró tì wọ́n títí wọ́n á fi ṣe é bẹ́ ẹ ṣe fẹ́.

Wọ́n ní ẹ̀wà máa ń fún ilẹ̀ lóúnjẹ. Ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ ni, ẹ sì lè fojú ara yín rí i. Nígbà tí ẹ̀wà bá ń tanná, ẹ fi ọkọ́ gbẹ́ ìdí ẹyọ kan yíká, kẹ́ ẹ gbé e jáde tòun ti gbòǹgbò, kẹ́ ẹ rọra fi omi ṣàn án. Ẹ máa rí kókó kéékèèké tó tò mọ́ gbòǹgbò bí ìlẹ̀kẹ̀. Ẹ fi èékánná la ọ̀kan. Bí inú rẹ̀ bá pọ́n bí omi tí wọ́n fi ṣan ẹran, iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́. Bó bá funfun, tàbí tó láwọ̀ ewé, kò síṣẹ́ níbẹ̀.

Àwọn ẹ̀dá tí ojú lásán ò lè rí ló ń gbé inú kókó yẹn. Inú atẹ́gùn ni wọ́n ti ń mú náítírójìn, wọ́n á sọ ọ́ di oúnjẹ fún ẹ̀wà, ẹ̀wà náà á sì máa fún wọn ní ṣúgà. Nínú 100 ìdá atẹ́gùn, 78 ló jẹ́ náítírójìn, kò sẹ́ni tó ń san kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Ẹ̀pà, sóyà àti òtílí náà ń ṣe iṣẹ́ kan náà, gbòǹgbò òtílí sì jìn dé ibi tí ọkọ́ ò lè dé.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pàdánù èrè yìí ni ìkórè. Wọ́n á fa ẹ̀wà tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, wọ́n á ká èso rẹ̀, wọ́n á dáná sun ìyókù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gé e nílẹ̀, kẹ́ ẹ jẹ́ kí gbòǹgbò rẹ̀ jẹrà síbẹ̀, kẹ́ ẹ da ewé àti èèpo rẹ̀ padà sórí ilẹ̀. Àgbàdo ni kẹ́ ẹ gbìn síbẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Ẹ̀yin tí koríko olódòdó àlùkò ń bá àgbàdo yín jà, èyí tó ń lẹ̀ mọ́ gbòǹgbò àgbàdo lábẹ́ ilẹ̀ tó sì ń fa oje rẹ̀ mu, sóyà ni ọ̀rẹ́ yín. Gbòǹgbò sóyà á ta irúgbìn koríko náà jí, á yọjú, kò ní rí ohun tó máa mu, á sì kú. Ẹ ṣe é lọ́dún méjì tàbí mẹ́ta, torí irúgbìn rẹ̀ lè sùn nínú ilẹ̀ ju ọdún mẹ́wàá lọ.

Èkan ti gba oko mi. Mo ti ro ó títí.

Gbòǹgbò èkan ń yọ̀ lábẹ́ tẹ́ ẹ bá ń ro ó. Òjìji ló ń pa á. Ẹ wá irúgbìn mùkúnà. Ìdílé kan náà ni òun àti wèrèpè, ṣùgbọ́n irú èyí kì í yún ara. Àwọn onímọ̀ IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ìbàdàn tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1967, ti ṣiṣẹ́ lé e lórí gan-an. Ẹ ṣán èkan mọ́lẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ òjò, kẹ́ ẹ gbìn ín. Á fà bo gbogbo ilẹ̀, nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, á gbẹ, á sì tẹ́ bí ẹní. Ẹ dá ihò sí ẹní yẹn lọ́dún kejì kẹ́ ẹ gbin àgbàdo.

Ẹ má gbìn ín mọ́ ẹ̀gẹ́, ó máa fún un lọ́rùn. Ẹ má sì sè é jẹ bí ẹ̀wà, ó lè ṣe èèyàn léṣe.

Ṣé kí n máa da ìgbẹ́ adìyẹ sóko?

Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kó ti jẹrà. Owó ni mo fi kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Lọ́dún kejì mi lóko, mo ra 30 àpò ìgbẹ́ adìyẹ níbì kan tí wọ́n ti ń sin adìyẹ. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó o jáde ni, wọ́n sì fi dá mi lójú pé mo lè lò ó lọ́jọ́ náà. Mo dà á sídìí ata rodo. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ kan, etí ewé ata ti jó bí ìwé tí iná rà. Mo pàdánù ju 200 ìdí ata lọ, owó iléèwé àwọn ọmọ sì ni mo ń retí lára wọn.

Ohun tí mo ń ṣe báyìí rèé. Mo máa ń to koríko gbígbẹ àti pòròpóró àgbàdo sísàlẹ̀, ìgbẹ́ adìyẹ tàbí ẹlẹ́bọ́tọ lé e, ewé tútù lé e, mo tún máa tò ó bẹ́ẹ̀ léra, títí á fi ga tó àyà mi. Ohun gbígbẹ máa ń tó ìlọ́po méjì ohun tútù. Mo ń wọ́n omi sí i. Bí ẹ bá bu ẹ̀kúnwọ́ kan tẹ́ ẹ fún un, kó rin ọwọ́ yín láìkán sílẹ̀. Mo máa ń fi tapólì bò ó kí òjò má fọ oje rẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún, ẹ ki àdá bọ àárín rẹ̀, kẹ́ ẹ fà á yọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan, kẹ́ ẹ fọwọ́ kan irin rẹ̀. Bó bá gbóná débi tẹ́ ẹ máa yára gbọ́wọ́ kúrò, ó ń jẹrà dáadáa, ooru yẹn sì ń pa irúgbìn koríko. Bó bá tutù, ẹ yí i, kẹ́ ẹ wọ́n omi sí i. Láàárín oṣù mẹ́ta, òórùn ìgbẹ́ á ti lọ, á máa rùn bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. Ìgbà náà ló di ajílẹ̀, kẹ́ ẹ wá gbé e lọ sóko. Òkìtì èèpo ẹ̀gẹ́ tó ń jẹrà dànù níbi tí wọ́n ti ń yan gàrí káàkiri ìlú wa náà dára níbẹ̀. Ó máa ń ká mi lára tí mo bá rí i tí wọ́n ń sun ún.

Ṣé kí n wá jáwọ́ nínú fatiláísà ni?

Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Àpò NPK 15-15-15 tó jẹ́ kílò 50 ní kílò 7.5 náítírójìn nínú, kò sì sẹ́ni tó lè sọ pé kò wúlò. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ilẹ̀ tí kò ní ilẹ̀dú ò lè dì í mú. Òjò ńlá kan báyìí, ó ti lọ sísàlẹ̀ níbi tí gbòǹgbò ò lè dé. Ẹ kọ́kọ́ fi ajílẹ̀ tún ilẹ̀ ṣe, fatiláísà díẹ̀ á sì tó. Ẹ má fọ́n ọn ká. Ìdérí ìgò mínírà kan ni mo máa ń bù sí ìdí àgbàdo kọ̀ọ̀kan, nínú ihò kékeré, màá sì fi yẹ̀pẹ̀ bò ó.

Òdòdó aláwọ̀ ìyeyè kan wà tó kún ẹ̀gbẹ́ títì láti Ọ̀yọ́ títí dé ọ̀dọ̀ wa, tó máa ń tanná níparí òjò, tí ewé rẹ̀ korò. Nínú 100 kílò ewé rẹ̀ gbígbẹ, náítírójìn tó nǹkan bíi kílò 3.5, pọ́tásíọ̀mù sì tó kílò mẹ́rin. Ẹ gé e kó tó so, kẹ́ ẹ rì í mọ́lẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìgbìn. Ọ̀fẹ́ ni.

Apako, oògùn tó ń pa koríko, ńkọ́?

Bẹ́ ẹ bá fi koríko bo ilẹ̀, ìlò rẹ̀ á dín kù fúnra rẹ̀. Paraquat ní tirẹ̀, tó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn apako, NAFDAC ti fòfin dè é láti ọjọ́ 1 oṣù Kíní ọdún 2024. Ẹnikẹ́ni tó bá ṣì ń tà á fún yín lábẹ́ àtẹ kò rò yín ire. Ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé fi ìgò apako bu omi láé.

Ṣé òótọ́ ni pé ẹ̀gẹ́ ló ń ba ilẹ̀ jẹ́?

Wọ́n kàn ń dá ẹ̀gẹ́ lẹ́bi ni. Ó lè so níbi tí àgbàdo ti kọ̀, nítorí náà òun la máa ń gbìn gbẹ̀yìn sílẹ̀ tó ti rẹ̀, tá a bá sì hú u tán tí ilẹ̀ ò so mọ́, a ó ní òun ló bà á jẹ́. Ó ń gba pọ́tásíọ̀mù púpọ̀, ìyẹn dájú. Ẹ jẹ́ kí ewé rẹ̀ jẹrà lóko, kẹ́ ẹ dá èèpo padà, kẹ́ ẹ sì gbin ẹ̀gúsí tàbí ẹ̀wà sáàárín rẹ̀ ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ tí kò tíì lè fi ewé bo ilẹ̀.

Kòkòrò tó ń jẹ ọ̀mùnú àgbàdo ń kó wa láyà jẹ.

Láti ọdún 2016 ló ti wọ ilẹ̀ Nàìjíríà, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti wá. Ìdájí ni kẹ́ ẹ wọ oko. Bẹ́ ẹ bá rí ewé tó jọ fèrèsé, tí ìgbẹ́ bí ìyẹ̀fun igi wà nínú ọ̀mùnú rẹ̀, ó wà níbẹ̀. Ẹ fọwọ́ pa ẹyin rẹ̀ tó wà lára ewé. Ẹ gún kóró dóńgóyárò gbígbẹ, ìlàjì kílò sínú omi lítà mẹ́wàá, kó sùn mọ́jú, kẹ́ ẹ sẹ́ ẹ, kẹ́ ẹ po ọṣẹ díẹ̀ mọ́ ọn, kẹ́ ẹ fọ́n ọn sínú ọ̀mùnú ní ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí kòkòrò ṣì kéré ló ń ṣiṣẹ́. Bó bá ti tóbi tó ìka, ó ti bọ́.

Ìṣákọ́lẹ̀ ni mò ń san, ilẹ̀ kì í ṣe tèmi. Ṣé kí n máa tún ilẹ̀ onílẹ̀ ṣe?

Ìbéèrè yìí ló le jù fún mi, àwọn obìnrin ló sì ń bi mí jù. Ẹni tí wọ́n lè gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn ìkórè, kò rọrùn láti sọ fún un pé kó fi ọdún mẹ́ta tọ́jú rẹ̀. Mo ti rí ibi tí onílẹ̀ ti gba ilẹ̀ padà gẹ́lẹ́ lọ́dún tó bẹ̀rẹ̀ sí í so.

Ohun tí mo máa ń sọ ni pé kẹ́ ẹ ṣe èyí tó ń sanwó lọ́dún kan náà: koríko lórí ilẹ̀, ẹ̀wà láàárín àgbàdo, ajílẹ̀ nínú ihò ìgbìn nìkan dípò gbogbo oko. Ẹ má gbin igi láìsọ fún onílẹ̀. Nílẹ̀ Yorùbá, ẹni tó gbin igi ń sọ pé òun ni ín, ìjà ló máa dà. Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ bẹ onílẹ̀ kó fún yín ní ọdún márùn-ún, níwájú ẹlẹ́rìí méjì, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ sọ fún un pé ilẹ̀ rẹ̀ máa sàn ju bó ṣe fún yín lọ.

Ẹ ní ká má gé igi oko. Igi kì í ha ṣíji bo irúgbìn bí?

Ẹ gé ẹ̀ka rẹ̀ tó bá pọ̀ jù, kẹ́ ẹ fi igi sílẹ̀. Igi irú àti igi òrí tí àwọn bàbá wa dá sí kì í ṣe àṣìṣe wọn. Gbòǹgbò wọn ń fa oúnjẹ láti ìsàlẹ̀, wọ́n á fi ewé dá a sókè, àwọn ìyá wa á sì rí irú àti òrí tà. Ẹni tó ń sun èédú á fún yín lówó ẹ̀ẹ̀kan. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ igi tó ń tètè dàgbà, ẹ fi igi àgúnmánìyẹ̀ ṣe ọgbà yíká oko, ẹ máa gé ewé rẹ̀ sílẹ̀ fún irúgbìn.

Báwo ni gbogbo èyí ṣe kan oúnjẹ inú ilé?

Wọ́n ń kì wá ní Ògbómọ̀ṣọ́ ọmọ Ajílété, níbi tí wọ́n ti ń jẹ ọkà yangan kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ yangan. Àgbàdo ni yangan. Ó máa ń dùn mí pé ọmọ Ajílété á ta àgbàdo rẹ̀ ní pọ́ọ́kú lóṣù Kẹjọ, tó bá di oṣù Karùn-ún, á máa ra èyí tó ti Òkè Ọya wá ní iye tó ga.

Oko tó ní oríṣiríṣi ń jẹ́ kí oúnjẹ wọlé léraléra. Lóko mi, ẹ̀gúsí ló ń kọ́kọ́ bo ilẹ̀, àgbàdo tútù tẹ̀ lé e, iṣu tuntun, ẹ̀wà àrọ̀kúrò, ẹ̀gẹ́ sì dúró de ọdún tó ń bọ̀. Lọ́dún tí òjò dá lójijì tí àgbàdo bàjẹ́, ẹ̀gẹ́ àti òtílí ló bọ́ wa. Bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe.

Kí ẹ̀wà má baà di ìyẹ̀fun nínú àpò, ẹ wá àpò onípele mẹ́ta: ọ̀rá nípọn méjì nínú, àpò híhun níta. Àwọn onímọ̀ Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà ló ṣe é fún ẹ̀wà ní Kamẹrúùnù lópin àwọn ọdún 1980. Ẹ sá ẹ̀wà kó gbẹ, kó máa ró lẹ́yín. Ẹ dà á sínú rẹ̀, ẹ fún atẹ́gùn jáde, kẹ́ ẹ di ọ̀rá kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, gírí. Kòkòrò tó wà nínú rẹ̀ á mí atẹ́gùn tó kù tán, á sì kú. Kò sí kẹ́míkà níbẹ̀, àwọn ọmọ yín lè jẹ ẹ́ láìsí ìbẹ̀rù.

Ọdún mélòó ni mo máa fi ṣe é kí n tó rí èrè?

Koríko tẹ́ ẹ bá tẹ́ sídìí ata, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tí òjò bá dáwọ́ dúró lẹ ti máa rí ìyàtọ̀. Ajílẹ̀ àti ẹ̀wà, ọdún kejì. Kí ògúlùtu yín tó lè dúró nínú omi láìtètè tú ká, ó gba tèmi ní ọdún márùn-ún, kò sì tíì dà bíi ti abẹ́ igi irú.

Ẹ má fi gbogbo oko bẹ̀rẹ̀. Ẹ mú ìlàjì éékà kan, èyí tó ṣá jù. Ẹ fi poro mẹ́ta sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀, kẹ́ ẹ lè fi wé ara wọn, kẹ́ ẹ sì ri igi mọ́ ààlà méjèèjì kó má baà dàrú mọ́ yín lójú nígbà tẹ́ ẹ bá ń kórè.